Ẹ̀bi Ta Ni, Bí Ìwé Ìṣirò Owó Ìlú Bá Ṣí Sílẹ̀ Tí A Kò Kà Á?

Ìbéèrè kan wà tí ó ti ń yọ ọkàn wa lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́, a sì rò pé ó tọ́ kí a gbé e ka iwájú àwọn òǹkàwé wa ní oṣù yìí, pàápàá jùlọ ẹ̀yin olùkọ́ àti gbogbo ẹ̀yin tí ìwé kíkà kì í ṣe ìṣòro fún. Bí àwọn aláṣẹ bá fi ìwé ìṣirò owó ìlú pamọ́, tí wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ọ̀nà tí owó náà gbà lọ, kò sí àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ìwé náà sílẹ̀ ní gbangba, tí kò sì gbà wá ju kí a na ọwọ́ kí a sì kà á, tí àwa tí a mọ̀wé sì kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i, ọ̀dọ̀ ta ni ẹ̀bi náà wà?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ojú wa ti mọ̀. Obìnrin tí ń ta ata ní ọjà lè má mọ A yàtọ̀ sí B, ṣùgbọ́n ó mọ ìlà tí ń bẹ lára káàdì àjọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí alájọ bá dé, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọwọ́ alájọ títí yóò fi fa ìlà ọjọ́ náà. Bí oṣù bá parí tí ìlà kan sì dín, òun kì yóò sùn, alájọ pàápàá kì yóò sì sùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú ìpàdé ìjọ. Nígbà tí akápò bá ń ka ìṣirò owó ìkórè, a máa ń rí bàbá àgbàlagbà kan tí yóò dìde láti béèrè ìdí tí owó epo ẹ̀rọ iná fi pọ̀ ju ti ọdún tí ó kọjá lọ. A kì í bínú sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí a mọ̀ pé ìfẹ́ ìjọ ni ó mú un béèrè.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan owó ìlú, èyí tí a fi ń ṣe ojú ọ̀nà, tí a fi ń san owó oṣù olùkọ́, tí a sì fi ń ra oògùn sí ilé ìwòsàn, gbogbo wa a dákẹ́. "Owó ìjọba ni," ni a máa ń wí, bí ẹni pé láti ojú ọ̀run ni ó ti ń rọ̀ bí òjò. Síbẹ̀, owó orí tí a ń yọ nínú owó oṣù wa, owó tí oníṣòwò ń san lórí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, owó tí a ń san nígbà tí a bá ń gba ìwé ọkọ̀, àti ìpín ìpínlẹ̀ wa nínú owó epo rọ̀bì tí í ṣe ti gbogbo wa, àwọn wọ̀nyí ni ó para pọ̀ di owó náà. Àjọ ni, àwa ni a sì dá a.

Àwọn baba àti ìyá wa kò dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1908, nígbà tí Gómìnà Walter Egerton gbèrò láti fa omi láti Ìjù wá sí ìlú Èkó, kí àwọn ará ìlú sì máa san owó omi náà, àwọn ará Èkó kò kàn tẹ́wọ́ gba ọ̀rọ̀ náà. Dókítà J. K. Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún náà gan-an, wọ́n sì béèrè ìdí tí ẹrù owó náà yóò fi wà ní orí ọmọ ìlú. Iṣẹ́ omi náà parí ní ọdún 1915, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn lórí owó rẹ̀ kò bá a parí. Ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú, ní ọdún 1947 àti 1948, àwọn obìnrin ọlọ́jà rọ́ lọ sí Aké nítorí owó orí. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni aṣáájú wọn, aya Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá Abeokuta Grammar School. Wọ́n ní àwọn kì yóò máa san owó sí ọwọ́ ìṣàkóso tí àwọn kò ní ohùn nínú rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan, a sì dá owó orí àwọn obìnrin dúró. Ẹ kíyèsí i pé kí ìjà yẹn tó bẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ aṣáájú náà ti ń kọ́ àwọn ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Ìwé kíkà àti ìbéèrè nípa owó ìlú kò jìnnà sí ara wọn nígbà náà.

Ohun tí àwọn ẹni wọ̀nyí kò ní ni ìwé ìṣirò tí ó ṣí sílẹ̀. Títí di ọdún 1955, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìṣàkóso Ìgbìmọ̀ Agbègbè Ìbàdàn dàrú, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn níláti yan E. W. J. Nicholson, ará Gẹ̀ẹ́sì, láti wádìí rẹ̀. Ọdún 1956 ni ìròyìn rẹ̀ jáde. Ní ìgbà náà, ará ìlú tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ń bẹ nínú ìwé ìgbìmọ̀ ìlú rẹ̀ níláti dúró de ẹni tí a yàn láti òkèèrè. Ní ọjọ́ tiwa, ilẹ̀kùn náà ti ṣí. Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń wọlé.

A ó fi Èkó ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìlú ńlá ni, àti nítorí pé kò sí ìdílé kan láàárín wa tí kò ní ẹni kan níbẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 pa á láṣẹ pé kí Gómìnà ìpínlẹ̀ gbé àbá owó tí yóò wọlé àti owó tí yóò jáde ní ọdún tí ń bọ̀ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ìwé yìí ni a ń pè ní ìṣúná, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì mọ̀ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ní ìsinsìnyí, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ètò ọrọ̀-ajé àti ìṣúná ní Èkó a máa fi í sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹnikẹ́ni tí ó ní fóònù ti lè rí i, láìsan ohun kan ju owó dátà lọ. Kí a kọ orúkọ ìpínlẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ náà budget, àti ọdún tí a ń wá sínú Google. Kí a sì yan ibi tí àdírẹ́sì rẹ̀ bá ní gov.ng nínú, nítorí pé ti ìjọba fúnra rẹ̀ ni èyí, kì í ṣe ti ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọ̀nà kan náà ni a ó gbà wá ti ìpínlẹ̀ mìíràn. Bí ojú ewé rẹ̀ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń dẹ́rù bà wá, àwọn kan wà tí ó ti ń ràn wá lọ́wọ́. Ní Èkó ni Oluseun Onigbinde àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá BudgIT sílẹ̀ ní ọdún 2011, láti máa fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn túmọ̀ ìṣúná fún ará ìlú. Láti ọdún 2014 ni wọ́n sì ti ní ẹ̀ka kan, Tracka, tí ń tọ ẹsẹ̀ iṣẹ́ tí a kọ sínú ìṣúná lọ sí ibi tí ó yẹ kí a ti ṣe é.

Ó yẹ kí a sọ bí ilẹ̀kùn yìí ti ṣe ṣí ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, nítorí kì í ṣe ìfẹ́ ará ìlú nìkan ni ó ṣí i. Ní ọdún 2018, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 750 dọ́là fún ètò kan ní Nàìjíríà, nípa èyí tí a ó máa fi owó fún ìpínlẹ̀ tí ó bá mú àwọn àdéhùn kan ṣẹ. Ọ̀kan nínú àdéhùn wọ̀nyí ni pé kí ó fi ìṣúná rẹ̀ àti ìròyìn ìnáwó rẹ̀ síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àkókò tí ó yẹ. Àwọn ìpínlẹ̀ tí kò ṣe irú rẹ̀ rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ètò náà ti parí. Èrè tí ó mú kí a ṣí ìwé ti lọ. Ohun tí ó kù tí ó lè mú kí ó máa wà ní ṣíṣí ni ẹsẹ̀ àwọn tí ń wá kà á. Ọ̀nà tí a kò bá rìn, koríko ni yóò bò ó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé kan ṣoṣo ni a ó bá níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ ti ń ṣìnà. Ìwé mẹ́rin ni ó yẹ kí a mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Èkíní ni àbá ìṣúná, èyí tí ń sọ ohun tí ìjọba ń fẹ́ láti ṣe. Èkejì ni òfin ìṣúná, lẹ́yìn tí Ilé Aṣòfin bá ti yẹ àbá náà wò tí Gómìnà sì ti buwọ́ lù ú, èyí tí ń sọ ohun tí a yọ̀ǹda kí ìjọba ná. Ẹ̀kẹta ni ìròyìn ìmúṣẹ ìṣúná, tí ń jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, èyí tí ń sọ ohun tí a ti ná ní tòótọ́. Ẹ̀kẹrin ni ìṣirò ìparí ọdún pẹ̀lú ìròyìn Olùyẹ̀wò Ìṣirò Àgbà, ẹni tí òfin ìpìlẹ̀ fún ní 90 ọjọ́, láti ìgbà tí ìṣirò bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, láti gbé ìròyìn rẹ̀ lọ sí Ilé Aṣòfin. Òun ni ó ń sọ bóyá a ná owó náà gẹ́gẹ́ bí ó ti tọ́. Ẹni tí ó bá ka èkejì tí ó sì rò pé ẹ̀kẹta ni òun kà, ó ti ṣe àṣìṣe ńlá.

Ẹ jẹ́ kí a wí pé a kọ mílíọ̀nù 20 náírà sínú òfin ìṣúná fún àtúnṣe ilé ìwòsàn kan, tí ìròyìn oṣù mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ sì fi mílíọ̀nù 5 hàn. Ohun tí ìwé wí ni pé ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó tíì jáde. Ìwé kò wí pé ẹnìkan jí mílíọ̀nù 15. Bẹ́ẹ̀ ni kò wí pé mílíọ̀nù 5 náà ti di bíríkì àti ọ̀dà. Láti mọ èyí, ẹsẹ̀ ẹni ni a ó fi rìn lọ sí ilé ìwòsàn náà, ojú ẹni ni a ó sì fi wò ó.

Nọ́ḿbà ńlá pẹ̀lú ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ìṣúná tí Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú buwọ́ lù fún ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2024 jẹ́ tírílíọ̀nù 2.27 náírà, ti ọdún 2025 jẹ́ tírílíọ̀nù 3.37. Ẹni tí ó bá wí pé owó náà fi bí ìdajì pọ̀ sí i kò purọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún 2024, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìjọba àpapọ̀ tí ó jáde nígbà náà, iye owó ọjà ní Nàìjíríà ti fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ, èyí tí ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Púpọ̀ nínú ohun tí a rò pé ó jẹ́ èrè, ọ̀wọ́n gógó ti gbé e mì. Ìyá tí ń fi owó ọbẹ̀ ra ata kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún òun.

A kò kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò ṣìnà rí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ìlú kan tí a kì yóò dárúkọ rẹ̀, níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ìjì ṣí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ọmọ ibẹ̀ fi ń jókòó ní abẹ́ igi, bí òjò bá sì ṣú, a ó rán wọn lọ sí ilé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, olùkọ́ kan tí ó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin wá bá wa pẹ̀lú fóònù rẹ̀, ó sì fi ojú ewé kan hàn wá nínú ìṣúná ọdún náà. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀ kedere, pẹ̀lú iye owó tí a yà sọ́tọ̀ fún òrùlé. Inú wa ru. Ní ìpàdé àwọn òbí tí ó tẹ̀lé e, a dìde, a wí pé owó òrùlé ti jáde, a wí pé ẹnìkan ti jẹ ẹ́, a sì wo apá ibi tí ọkùnrin kan jókòó sí, ẹni tí ó jẹ́ aṣojú àdúgbò náà nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. A kò dárúkọ rẹ̀. Kò sí ìdí tí à bá fi dárúkọ rẹ̀. Gbogbo ojú ti yí sí i.

Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ọmọdé ti ń fi ọ̀rọ̀ náà kọrin tẹ̀lé ọmọbìnrin ọkùnrin yìí ní ojú ọ̀nà, aya rẹ̀ kò sì jáde wá sí ọjà mọ́. Àwa sì rò pé iṣẹ́ rere ni a ṣe.

Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, olùkọ́ kan náà tún padà wá, ojú rẹ̀ kò sì dán. Ó ti rí ìròyìn ìmúṣẹ ìṣúná náà. Ní ìlà tí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà wà, ní abẹ́ ibi tí a ń kọ iye tí a ti ná sí, òdo ni a kọ síbẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kò tíì jáde fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà kò jẹ ohun kan, nítorí pé kò sí ohun kan nílẹ̀ láti jẹ. Ju èyí lọ, ìṣúná ti ìpínlẹ̀ ni ìwé náà, kì í ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀. Bí owó náà bá tilẹ̀ jáde, kì bá tí gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

A lọ sí ilé rẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Ó fún wa ní ìjókòó, ó bu omi fún wa, ó sì dákẹ́ títí. Nígbà tí ó yá, ó wí pé: "Bàbá, bí ó bá ṣe pé ẹ pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ bi mí, èmi ni ǹ bá ṣáájú yín lọ béèrè. Ọmọ tèmi náà wà ní abẹ́ igi yẹn." A kò rí ọ̀rọ̀ kan fi dá a lóhùn. Ní ìpàdé mìíràn, a dìde ní ojú àwọn tí ó gbọ́ ti àkọ́kọ́, a sì jẹ́wọ́ pé a ti ṣì í. Àwa àti òun sì jọ kọ ìwé sí àwọn tí ọ̀ràn náà wà ní ìkáwọ́ wọn, láti béèrè ìgbà tí owó náà yóò jáde. Èsì dé, ó ní ọ̀wọ̀ nínú, ó sì wí pé a ó gbé iṣẹ́ náà sínú ìṣúná ọdún tí ń bọ̀. A gbé e síbẹ̀ nítòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà náà, àwọn òbí ti fi owó ara wọn kan páànù sí orí yàrá méjì. Ní ti ọmọbìnrin ọkùnrin náà, wọ́n ti mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní ìlú mìíràn, kò sì padà sí ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ́. Ìjẹ́wọ́ wa kò dé ibi tí ó lọ.

Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni ó wà níbi ìwé tí ó ṣí sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ni ti ẹni tí kò kà á rárá. Èkejì ni ti ẹni tí ó kà á dé ìdajì tí ó sì la ẹnu. Àwọn àgbà wa wí pé agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nọ́ḿbà kan ṣoṣo nínú ìwé, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni; ó lè sọ òtítọ́, kí ẹni tí ó gbọ́ ọ sì fi òtítọ́ náà dá ẹjọ́ èké. Òfin tí ó kọ̀ fún wa láti jẹ́rìí èké sí ẹnìkejì wa kò sì yọ ẹ̀rí tí a fi nọ́ḿbà jẹ́ sílẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé: "Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ha sàn kí a dákẹ́?" Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdákẹ́ wa ni ó kọ́kọ́ pa àwọn ọmọ náà lára kí ọ̀rọ̀ wa tó pa ọkùnrin náà lára. Bí a bá ti ka ìròyìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nígbà tí ó jáde, a bá ti rí òdo náà nígbà tí ọdún ṣì kù púpọ̀, a bá sì ti lọ béèrè pẹ̀lú sùúrù nígbà tí ìbéèrè ṣì lè mú owó jáde. Àgbà kì í wà ní ọjà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí ó mọ̀wé ní ìlú tí ọ̀pọ̀ kò ti mọ̀wé, àgbà ọjà ni, ìbáà ṣe ọmọ ogún ọdún.

Àwọn mìíràn a máa wí pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni èyí, kò sì yẹ fún olùkọ́ tàbí fún ọmọ ìjọ. Àwa dáhùn pé a kò ní kí ẹnikẹ́ni ti ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn tàbí kí ó gbógun ti òmíràn. Ẹni tí ń ka káàdì àjọ rẹ̀ kò bá alájọ jà. Àwọn mìíràn wí pé àwọn kò mọ ìṣirò tó. Ìṣirò tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ kò ju àròpọ̀, àyọkúrò àti ìdá lọ, èyí tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń ṣe lójoojúmọ́. Ní ti lílo fóònù, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Kí ọ̀dọ́ wá ìwé náà jáde, kí àgbà tí ó mọ ìlú sì sọ èyí tí ó jẹ́ afárá àti èyí tí ó jẹ́ orúkọ lásán.

Ẹ̀sùn kan wà tí a kò lè sẹ́, èyí ni pé kì í ṣe ohun gbogbo ni a kọ síbẹ̀. Nígbà mìíràn a ó rí owó ńlá fún ojú ọ̀nà ní onírúurú ibi, láìsọ ibi náà. Ìwé ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ sì ṣòro láti rí, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ ni ó sún mọ́ wa jùlọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn, láìgba ọwọ́ ìpínlẹ̀. Ìdájọ́ yìí fi kún iṣẹ́ àwa tí a wà ní tòsí, nítorí ibi tí owó bá dé ni ìbéèrè yẹ kí ó dé.

Níbi tí ìwé bá dákẹ́, òfin fún wa ní ẹnu láti béèrè. Òfin Òmìnira Ìròyìn, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2011, fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé tí ń bẹ ní ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, láìjẹ́ pé ó sọ ìdí tí ó fi ń fẹ́ ẹ. Ọjọ́ méje ni a fún ilé-iṣẹ́ náà láti dáhùn. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè ti ọwọ́ ẹlòmíràn béèrè. Fún ọdún púpọ̀ ni a fi jiyàn bóyá òfin yìí de àwọn ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ó dè wọ́n, ó sì de ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé kúkúrú, tí ó ní ọ̀wọ̀, tí ó dárúkọ ọdún, iṣẹ́ àti ìlà ìṣúná tí a ń béèrè nípa rẹ̀, lágbára ju ariwo ọjà lọ. A kò níláti fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ìbéèrè ni, kì í ṣe ìdájọ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa kéré. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, tàbí àwùjọ kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ, yan ohun kan ṣoṣo tí ó wà ní etí ilé wọn, ìbáà ṣe ilé-ẹ̀kọ́ kan, ilé ìwòsàn kan tàbí afárá kan. Kí wọ́n wá a nínú òfin ìṣúná. Kí wọ́n wá a nínú ìròyìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ wò ó. Bí ìwé àti ojú kò bá bára mu, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ẹni tí ọ̀ràn kàn ní kọ̀rọ̀. Bí kò bá dáhùn, kí wọ́n kọ ìwé béèrè. Nígbà tí gbogbo èyí bá sì ti parí, bí ó bá yẹ kí a sọ ọ́ ní gbangba, kí a sọ ọ́ láìbẹ̀rù, pẹ̀lú ìwé ní ọwọ́.

A ti padà dé ibi ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé ìṣirò bá ṣí sílẹ̀ tí olè sì ń jí owó lójú rẹ̀, olè ni ó jẹ̀bi olè jíjà. Kò sí ẹni tí yóò gba ẹ̀bi náà ní orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi òrùlé tí a kò kàn nítorí pé ẹnikẹ́ni kò béèrè, àti ẹ̀bi orúkọ rere tí a bàjẹ́ nítorí pé ẹnìkan kà dé ìdajì, tiwa ni méjèèjì, ẹ̀yin ará, tiwa tí a mọ̀wé. Àwa tí a kọ èyí ti ru ìpín tiwa nínú èkejì, a sì mọ bí ó ti wúwo tó. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kà, kí ẹ sì kà á dé òpin.